Òkè-Àfá ní Ọjọ́ 27 Oṣù Ṣẹ́rẹ́: Bí Àwọn Ará Èkó Ṣe Ń Rántí Òkú Ọdún 2002

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ìjọba Nàìjíríà a máa ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kú sójú ìjà. Gómìnà a gbé òdòdó kalẹ̀ níwájú ère ọmọ ogun, àwọn ṣọ́jà a fun fèrè, wọn a yìnbọn sójú ọ̀run, wọn a sì tú ẹyẹlé sílẹ̀ kí ó fò lọ. A mú ọjọ́ náà nítorí pé ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ènìyàn mìíràn a péjọ sí Òkè-Àfá, níbi tí Ìsọlọ̀ ti fẹ́ bá Èjìgbò pààlà ní Èkó, láti rántí àwọn òkú tí kò lọ sójú ogun kankan. Ọmọ iléèwé wà nínú wọn, ìyálọ́jà wà nínú wọn, ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n wà nínú wọn. Ohun ìjà tí ìjọba kó pamọ́ sí àárín ìgboro ni ó lé wọn jáde nílé. Omi ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òdòdó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àdúrà wà, aṣojú ìjọba a sì máa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, bí kì í bá ṣe ti ẹbí òkú àti àwọn tí wọ́n yè é, ọjọ́ 27 ì bá ti di ọjọ́ lásán.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí mẹ̀kúnnù ń gbà pa irú ìtàn bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fi iṣẹ́ òpìtàn rán wọn. Àwọn onímọ̀ ti ṣe bẹbẹ lórí ìrántí àwọn ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún. A mọ ohun tí oríkì sọ nípa ìtúká Ọ̀yọ́ Ilé, ohun tí ìtàn ìdílé sọ nípa Ìjàyè, àti bí orúkọ Kírìjì ṣe jáde láti inú ìró ìbọn tí ó ń dún láàárín òkè. Àjálù ìgboro ti ayé òde òní ni a máa ń fi sílẹ̀ fún oníròyìn, bí ẹni pé ohun tí ó bá ti wọ ìwé ìròyìn kò nílò òpìtàn mọ́. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ìwé ìròyìn a máa sọ iye òkú. Kì í sábà sọ bí ẹni tí ó kù ṣe ń ka ọdún láti ìgbà náà wá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà bí ó ti rí. Ọjọ́ Àìkú ni. Ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2002, iná ràn mọ́ ilé tí a kó ohun ìjà pamọ́ sí nínú àgọ́ ológun Ìkẹjà. Àgọ́ yìí kò sí nínú igbó. Ilé ará ìlú, ọjà àti títì ni ó yí i ká. Bọ́ǹbù àti ọta ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Ilé wó lulẹ̀ ní àdúgbò tí ó sún mọ́ bárékè, fèrèsé sì fọ́ ní ibi tí ó jìnnà réré sí i. Ọta tí kò tíì bú ń já lu òrùlé àti àgbàlá àwọn tí wọn kò mọ ẹnu ọ̀nà bárékè rí. Ìbúgbàmù náà kò dáwọ́ dúró lóru. Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́ bá a lẹ́nu rẹ̀.

Ìdí tí àwọn ènìyàn fi sá bí wọ́n ṣe sá kò lè yé ẹni tí kò bá rántí irú ọdún tí ó jẹ́. Ìjọba alágbádá kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Àgbàlagbà tí ó wà ní Èkó nígbà náà ti rí ìfipágbàjọba ní ọdún 1966, ó rí i ní 1975, ó rí i ní 1983, ní 1985 àti ní 1993. Ó sì rántí ti 1976 àti ti 1990 tí ó forí ṣánpọ́n, tí ẹ̀jẹ̀ sì ta sílẹ̀. Oṣù kan ó lé díẹ̀ ṣáájú, ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2001, ni àwọn amòòkùn-ṣìkà yìnbọn pa Bọ́lá Ìgè, Mínísítà fún ètò ìdájọ́, nínú ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn, ọkàn ará ìlú kò sì tíì balẹ̀. Nígbà tí ìró bọ́ǹbù wá ń jáde láti inú àgọ́ ológun, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni pé ṣọ́jà tún ti dé. Àwọn mìíràn rò pé ogun ni. Àwọn aláṣẹ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà láti sọ pé kì í ṣe ìfipágbàjọba, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gbé ọmọ kọ́rùn tí ó ń sáré lójú títì kò sí nídìí tẹlifíṣọ̀n. Bí a bá wò ó dáadáa, ìmọ̀ ìtàn ni ó lé wọn jáde. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ nípa ológun láti ọgbọ̀n ọdún ó lé ni wọ́n fi túmọ̀ ìró tí wọ́n gbọ́.

Àwọn tí ó sá láti ìhà Ọ̀ṣòdì, Máfòlùkù àti Ìsọlọ̀ forí lé ibi tí kò sí iná. Ilẹ̀ ti ṣú. Kànáálì kan wà tí ó bá òpópónà Ìsọlọ̀ sí Ọ̀ṣòdì rìn. Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣíji bò ó ní ìhà kan, ewéko sì ti bo ojú omi náà tí ó fi dà bí pápá. Àwọn tí ó wà níwájú kó sí i. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ń tì wọ́n síwájú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fa òkú jáde, tí a ń tẹ́ wọn sí etí omi kí àwọn ẹbí lè wá wò wọ́n. Àpapọ̀ àwọn tí ó kú nínú àjálù náà lé ní 1,000. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú wọn ni ó kú sínú kànáálì, obìnrin àti ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni kò ní ilé mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a sọ nípa ewéko ojú omi yẹn, bí ó tilẹ̀ yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Yorùbá a máa fi ojúoró àti òṣíbàtà ṣúre pé kí ènìyàn lékè, nítorí pé ewé tí ó lékè omi kì í rì. Ewéko tí ó lékè omi ní Òkè-Àfá ni ó pa ojú omi dà tí ènìyàn fi rì. A kò tíì gbọ́ kí akéwì kan lo ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yà wá lẹ́nu. Àwọn ìwúre kan wà tí ó nira láti yí padà sí ẹkún.

Ní Yorùbá òde òní, 'àyájọ́' ni a ń pe ọjọ́ tí ohun kan bá tún yípo dé lẹ́yìn ọdún: àyájọ́ ọjọ́ òmìnira, àyájọ́ ọjọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó bá mọ èdè dáadáa mọ̀ pé àyájọ́ ti wà kí kàlẹ́ńdà tó dé. Ọ̀kan lára ọ̀rọ̀ agbára ni, nínú ẹbí ọfọ̀ àti ògèdè. Ẹni tí ó ń pe àyájọ́ a sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, a dárúkọ ẹni tí ó ṣe é àti ibi tí ó ti ṣe é, nítorí ìgbàgbọ́ pé bí a bá sọ ọ́ bí ó ti rí gan-an, agbára ìgbà náà yóò ṣiṣẹ́ lónìí. Ìrántí kì í ṣe ohun tí a fi ń dára yá níbẹ̀. A ń rántí kí nǹkan lè ṣẹ ni. A rò pé ìtumọ̀ àtijọ́ yìí sún mọ́ ohun tí àwọn ẹbí òkú ń ṣe ní Òkè-Àfá ju ìtumọ̀ tuntun lọ. Ní ọjọ́ 27, bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọ́n a tò ó lẹ́sẹẹsẹ: ibi tí mo wà, ohun tí mo ń sè lórí iná, aṣọ tí ọmọ náà wọ̀, ibi tí ọwọ́ mi ti já kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Olùgbọ́ tí kò bá ní sùúrù lè rò pé àsọtúnsọ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń rojọ́ ni í tò ó bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ náà kò tíì parí lójú wọn.

Ẹ̀rí wà pé ẹjọ́ ni lóòótọ́. Ní ọdún 2001, ọdún kan ṣáájú, ìbúgbàmù kékeré kan ti wáyé nínú àgọ́ yẹn, a sì ti kìlọ̀ pé kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe tàbí kí wọ́n kó ohun ìjà náà kúrò láàárín ìlú. Wọn kò kó o. Nígbà tí àjálù ńlá náà dé, Ọ̀gágun George Emdin tí ó jẹ́ aláṣẹ àgọ́ náà tọrọ àforíjì lórúkọ àwọn ológun. Ó sọ pé ibi ìkóhun-ìjà-sí ti gbó, àti pé wọ́n ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe kí ọ̀ràn náà tó ṣẹlẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀gá ológun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ará ìlú ní orílẹ̀-èdè yìí, ó sì yẹ kí òpìtàn kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Àmọ́ kì í ṣe àforíjì náà ni ó dúró sẹ́nu àwọn ènìyàn jù lọ. Ohun tí wọ́n ń sọ títí di òní ni àbẹ̀wò Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sí ibẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí àwọn èrò ń pariwo tí ó sì fi ìbínú dá wọn lóhùn pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́, pé kò pọn dandan kí òun wá. Lẹ́yìn náà ó ṣàlàyé pé nígbà tí òun sọ̀rọ̀, òun kò tíì mọ̀ pé ẹ̀mí ṣòfò tó bẹ́ẹ̀. Àlàyé náà lè jẹ́ òtítọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ òkú ṣì wà nínú omi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ti bọ́ sí etí aṣọ̀fọ̀ kò ní ibi tí yóò padà sí.

Ìrántí àwọn mẹ̀kúnnù ní ọ̀nà tirẹ̀ láti yan ohun tí yóò mú àti ohun tí yóò fi sílẹ̀. Ó mú ìbínú ààrẹ, ó fi àforíjì ọ̀gágun sílẹ̀. Ó mú kànáálì tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí a bí lẹ́yìn ọdún náà lè rò pé Òkè-Àfá ni bọ́ǹbù ti bú, nígbà tí àwọn òkú inú bárékè fúnra wọn, ìyẹn àwọn ṣọ́jà kéékèèké àti ìyàwó àti ọmọ wọn, ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ìtàn. A gbọ́dọ̀ sọ èyí gbangba, nítorí pé ìfẹ́ wa sí ìtàn àtẹnudẹ́nu kò gbọdọ̀ sọ wá di ẹni tí kò rí àbùkù rẹ̀. Ìdílé ṣọ́jà tí ó kù nínú ilé tí ó wó jẹ́ mẹ̀kúnnù bí ará Ìsọlọ̀ ti jẹ́. Ọjọ́ 15 kò dárúkọ wọn torí pé wọn kò kú sójú ogun. Ọjọ́ 27 ní Òkè-Àfá kò sì fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọn torí pé omi kọ́ ni ó pa wọ́n.

Èjìgbò àti àyíká rẹ̀ ti rí òkú ológun rí, ó sì dára kí a fi ìkan wé èkejì. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun, irú èyí tí a ń pè ní C-130, gbéra ní Èkó, kò sì pẹ́ tí ó fi já sínú àbàtà ní Èjìgbò. Àwọn tí ó kú lé ní 150, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀dọ́ ọ̀gá tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Jàjí. Orúkọ àwọn wọ̀nyí wà lákọsílẹ̀. Ẹgbẹ́ ológun mọ ẹni tí ó wọ ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oyè rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá kò tíì pé lẹ́yìn èyí tí omi àdúgbò kan náà fi gbé àwọn tí ẹnikẹ́ni kò ní ìwé orúkọ wọn lọ́wọ́. Bí a ṣe ń wá ọmọ tí ó sọnù ni a ṣe ń mọ̀ pé ọmọ náà ti wà láyé. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òkú tí ó ní ìwé àti òkú tí kò ní ìwé nìyí, ìyàtọ̀ náà sì ni ó jẹ́ kí ìrántí ẹnu ṣe pàtàkì.

Ó ku ohun tí ó ṣòro jù láti sọ, èyíinì ni ọ̀rọ̀ ìsìnkú. Nínú àṣà Yorùbá, òkú àgbà ni a ń fi ijó sin. Ikú ọmọdé àti ikú ọ̀dọ́ jẹ́ ọ̀fọ̀. A kì í pariwo rẹ̀, a kì í sè, a kì í wọṣọ ẹbí. Òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ lọ sí ibojì, ó sì dára lójú àṣà kí ó má tilẹ̀ mọ ojú ibojì náà, kí ojú rẹ̀ má baà máa lọ síbẹ̀. Ní ti ẹni tí omi gbé, etí omi náà ni a ń sin ín sí, lẹ́yìn tí àwọn tí ó ni ètùtù bá ti ṣe tiwọn; a kì í gbé e wọlé. Ẹ wo bí Òkè-Àfá ti rí. Àwọn tí a kò dá mọ̀, àti àwọn tí ẹbí wọn kò lè gbé lọ, ni a sin pọ̀ sí ilẹ̀ tí kò jìnnà sí kànáálì náà, a sì gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ síbẹ̀. A kò rò pé àṣà ni ìjọba ń rò nígbà náà. Ilẹ̀ tí ó sún mọ́ tòsí ni wọ́n lò. Síbẹ̀, ó bọ́ sí ipò tí àwọn baba wa ì bá fi wọ́n sí, ní etí omi tí ó gbé wọn.

Ibi tí àṣà àti ìrántí ti kọlu ara wọn ni ti àwọn òbí. Ayẹyẹ ìrántí (a lo 'ayẹyẹ' nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ètò ìjọba a máa pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò bá ibi tí a wà mu) ń sọ fún ìyá pé kí ó wá dúró síwájú ibojì ọmọ rẹ̀ lọ́dọọdún, ní gbangba, níwájú kámẹ́rà. Ohun tí àṣà ní kí ó má mọ̀ ni a ní kí ó máa bẹ̀ wò. A lè retí pé ọ̀pọ̀ kì yóò wá, òótọ́ sì ni pé ọ̀pọ̀ kì í wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi iye èrò tí ó péjọ wọn bí ìrántí náà ti jinlẹ̀ tó yóò ṣi í wọ̀n. Ẹni tí ó jókòó sílé ní ọjọ́ náà, tí kò dáná, tí kò gba àlejò, ń pa òfin ọ̀fọ̀ mọ́ ni. Ìrántí ni èyí náà.

Ní ti àwọn tí ó ń wá, ẹ̀sìn ti bá wọn tún ọ̀nà ṣe. Àlùfáà Kristẹni àti ààfáà ni wọ́n jọ ń gbàdúrà níbẹ̀, nítorí pé nínú ilẹ̀ kan ṣoṣo tí a sin òkú pọ̀ sí, kò sí ẹni tí ó lè ya ti ṣọ́ọ̀ṣì sọ́tọ̀ kúrò lára ti mọ́ṣáláṣí. Yorùbá ibẹ̀ kò sì dá wà. Ìgbò wà níbẹ̀, Hausa wà níbẹ̀, Ìjọ̀ àti Ùròbò wà níbẹ̀. Ọ̀ṣòdì àti Ìsọlọ̀ kì í ṣe ìlú ẹ̀yà kan. Ó yẹ kí a rántí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èrèlè ọdún náà gan-an, nígbà tí omijé kò tíì gbẹ, ni Yorùbá àti Hausa gbé ìjà ko ara wọn ní Ìdí-Àràbà, tí a sì tún pa ènìyàn. Ọ̀nà Ìdí-Àràbà sí Òkè-Àfá kò jìn. Ibojì tí wọ́n jọ wà yìí kò dá ìjà dúró, a kò sì gbọdọ̀ kọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni pé ó dá a dúró.

Àwọn ará Èkó tí ó ti dàgbà ń fi ọjọ́ náà ka ọdún báyìí, bí àwọn ará Ẹ̀gbá ṣe fi ogun Àdùbí ti ọdún 1918 ka ọjọ́ orí ọmọ, bí àwọn mìíràn sì ṣe ń fi ìgbà wẹ́tìẹ̀ sọ ọdún 1965. 'Oyún rẹ̀ wà nínú mi nígbà bọ́ǹbù.' 'Kí bọ́ǹbù tó bú ni a ti kó kúrò ní Máfòlùkù.' Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà ti kọjá ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tí ó jẹ́ ọgọ́ta, bí ó bá ṣì wà, ti kọjá ọgọ́rin. Iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ tí ó yẹ kí ẹ̀ka ìmọ̀ ìtàn àti ti èdè jọ ṣe kò lè dúró de ìdajì ọ̀rúndún. Bí a bá sì fẹ́ ṣe é, kí á má fi 'báwo ni ó ṣe rí lára yín' bẹ̀rẹ̀. Kí á béèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà sá, títì sí títì. Kí á béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ pariwo pé ogun ni. Kí á béèrè bí wọ́n ṣe dá òkú tiwọn mọ̀, àti ẹni tí ó lọ wò ó nígbà tí òbí kò lè lọ.

Kí á sì bi àwọn tí kò rí òkú rárá. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ń bá àwọn òbí wá ọmọ tí ó sọnù lójú eré, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ti yà kúrò lẹ́yìn ẹbí wọn. A rí àwọn kan. Àwọn kan wà tí a kò rí láyé, tí a kò sì rí lókùú. Ẹbí irú wọn kò lè ka ọjọ́ kẹjọ tàbí ogójì, nítorí pé wọn kò mọ ọjọ́ tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọjọ́ 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe ọjọ́ òkú, ibojì tí kò ní orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ní Òkè-Àfá ni wọ́n sì fi ṣe ibojì. Wọn a dúró síbẹ̀, wọn a pe orúkọ ọmọ náà, wọn a sì padà sílé láìmọ̀ bóyá ó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀.